Jíìpù Tí A Fi Gbé Ìyá Mi Gba Ojú Yanrìn

Ní àkókò yẹn, iṣẹ́ mi ni kí n máa múra jíìpù sílẹ̀ fún àwọn tó ń lọ síbi tí kò sí títì. Lafiaji ni ṣọ́ọ̀bù wa wà, nínú ọgbà kan tí ògiri rẹ̀ ti wó lápá kan. Ilé wa wà ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn lọ rìn bọ̀. Àwọn awọnlẹ̀ àti àwọn tó ń la ọ̀nà tuntun lẹ́yìn ogun ló ń gbé mọ́tò wá bá wa. Mọ́tò wọn kì í ṣe irú ti ìgboro, tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ti wọn, táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ọ̀gá mi, ó ti wakọ̀ fún àwọn ṣọ́jà rí. Òun ló kọ́ mi pé mọ́tò tó ń lọ sínú ẹrẹ̀ àti èyí tó ń lọ sórí yanrìn kì í múra bákan náà. Ẹrẹ̀ ń fẹ́ táyà eléyín gígùn, tí yóò já a títí kan ilẹ̀ tó le. Gbé táyà yẹn dé orí yanrìn, kòtò ni yóò máa gbẹ́ fún ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́. Táyà tó kún fọ́fọ́ máa ń rì sínú yanrìn bíi gìgísẹ̀ bàtà àwọn sisí. Èyí tí a bá dín afẹ́fẹ́ rẹ̀ kù máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ.

"Yanrìn ò fẹ́ ìjà," ni ọ̀gá mi máa ń wí. "Rìn lórí ẹ̀ bí ẹni tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ọmọ tó ń sùn kọjá."

Òwò àgbọn ni ìyá mi ń ṣe. Ó máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí àwọn abúlé etí òkun tó wà lápá ìlà oòrùn, kọjá Màrókò, yóò ra àgbọn jọ, yóò sùn síbẹ̀, kó tó kó o wá sí Èkó. Bàbá mi ti kú tipẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni ìyá mi bí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá àgbàlagbà kan wọ ọgbà wa. Yanrìn kún ẹsẹ̀ rẹ̀ dé kókósẹ̀. Mo wà nílẹ̀ lẹ́bàá táyà kan, mò ń de nọ́ọ̀tì rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lọmọ ìyá alágbọn?"

"Èmi ni, bàbá. Ẹ káàárọ̀."

Ó lóṣòó tì mí, ó bọ́ fìlà. "Ìyá ò jí láàárọ̀ yìí," ni ó wí. "A pè wọ́n títí. Ẹ ní láti wá gbé wọn."

Mo gbọ́ ọ. Mo sì de nọ́ọ̀tì yẹn tán, mo tún bọ́ sí èyí tó kàn. Ọ̀gá mi ló wá gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Jíìpù àwọn awọnlẹ̀ yẹn, mú un. Èmi ni màá bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ẹ ṣé, ọ̀gá."

"Ṣé kí n wà á fún ẹ?"

"Rárá, sà. Ẹ jẹ́ kí n wà á."

Mùsùlùmí ni wá, a kì í dá òkú dúró. Afẹ́fẹ́ ń jà lórí ọ̀sà lọ́jọ́ náà, bàbá yẹn sì sọ pé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi kọ̀ láti gbéra, pé ẹsẹ̀ lòun fi la yanrìn dé Màrókò. Ojú yanrìn nìkan ló kù. Nítorí náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í múra jíìpù, bí mo ṣe máa ń múra rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Inú ẹrẹ̀ ni àwọn awọnlẹ̀ ń gbé e lọ, táyà eléyín ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi àti ọ̀gá mi bọ́ ọ, a fi àwọn tí eyín wọn ti jẹ sí i. A sọ irin ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, nítorí ẹrù orí máa ń jẹ́ kí mọ́tò ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Mo kó gbogbo àpótí irinṣẹ́ jáde kó lè fúyẹ́. Mo wá kó pákó, ṣọ́bìrì, okùn, pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ àti jáàkì sí i, pẹ̀lú pákó fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan tí yóò wà lábẹ́ jáàkì kó má baà rì. Mo bu omi sí rédíétọ̀ títí ó fi kún.

Nígbà tí mo dé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ọ̀gá mi ti ránṣẹ́ ṣáájú mi. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Igbe tó ń ké yẹn, mò ń gbọ́ ọ bí ẹni pé láti ilé kejì ló ti ń wá. A sọ pé kó dúró, kó bá àwọn obìnrin tí yóò wẹ òkú múra, kó sì ránṣẹ́ sí àwọn àfáà. Àbúrò ìyá mi ọkùnrin, tí mo ń pè ní bọ̀ọ̀dá, tó ń ránṣọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ló bá mi lọ. Òun jókòó síwájú, bàbá tó jẹ́ iṣẹ́ fún wa jókòó sẹ́yìn.

Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba ní ká kúrò lápá òsì, ká máa wakọ̀ lápá ọ̀tún. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìtọ́kọ̀ jíìpù náà ṣì wà bíi ti àtijọ́, apá òsì tí bọ̀ọ̀dá jókòó sí ló kọjú sí àwọn mọ́tò tó ń bọ̀. Gbogbo mọ́tò tó bá ti pàdé wa ló ń fà sẹ́yìn fún. A kọjá afárá, a la Màrókò já, a dé ibi tí ilẹ̀ líle pin sí.

Níbẹ̀ ni mo ti sọ̀kalẹ̀. Mo yí ìdè tó wà ní àárín gbùngbùn táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, kí iwájú lè bá ẹ̀yìn fà. Mo wá lóṣòó ti táyà àkọ́kọ́, mo ṣí ìdérí ẹnu rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde.

Bọ̀ọ̀dá bẹ́ sílẹ̀. "Kí lò ń ṣe yẹn?"

"Afẹ́fẹ́ ni mò ń dín kù, bọ̀ọ̀dá."

"Ẹ̀gbọ́n mi wà nílẹ̀ gbalaja, ìwọ ń lóṣòó ti táyà! Irú ọkàn wo ló wà láyà ẹ?"

"Tí mi ò bá yọ ọ́, a ò ní dé ọ̀dọ̀ wọn."

Ó wo ojú mi, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo fi géèjì tí a fi ń wọn afẹ́fẹ́ wo táyà náà, mo sì fi ojú wò ó, títí ikùn táyà fi yọ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. N kò yára. Ká sòótọ́, n kò fẹ́ kó tán. Níwọ̀n ìgbà tí afẹ́fẹ́ yẹn bá ń tú, kò sí ẹni tó ń béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi.

Yanrìn gbà wá, a sì dé abúlé náà láìdúró. Wọ́n ti tẹ́ ìyá mi sórí ẹní nílé obìnrin arúgbó tó máa ń dé sí. Arúgbó náà ní ìyá mi jẹun alẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ẹsẹ̀ ń ro òun, ó sì lọ sùn. Wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú rẹ̀ fún wa. Bọ̀ọ̀dá wólẹ̀. Èmi wò ó. Ojú ìyá mi náà ni. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni ibi tí a ó tẹ́ ẹ sí nínú jíìpù.

"Ẹ má gbé wọn sẹ́yìn pátápátá," ni mo wí. "Ibẹ̀ ló máa ń fò jù. Ẹ jẹ́ kí n tú bẹ́ǹṣì kúrò, ká lè gbé wọn sún mọ́ iwájú, láàárín táyà iwájú àti tẹ̀yìn."

Àwọn ará abúlé ń wò mí. Mo tú bẹ́ǹṣì. A tẹ́ koríko sílẹ̀, a tẹ́ ẹní lé e, a gbé ìyá mi sí i. Bọ̀ọ̀dá jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e láyà kó má baà yí. Bàbá tó jẹ́ iṣẹ́ dúró sí abúlé rẹ̀, ó kù èmi àti bọ̀ọ̀dá.

Lórí yanrìn, ẹni tó bá dín eré kù ti kàgbákò. Mo jẹ́ kí jíìpù máa sáré níwọ̀nba, ó sì ń jù wá díẹ̀díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo lẹ́yìn mi.

"Rọra! Rọra, jọ̀ọ́! Ò ń mì wọ́n!"

"Bọ̀ọ̀dá, tí mo bá rọra, a máa rì."

"Mo ní kóo rọra! Orí wọn ń lu pákó!"

Ni mo bá rọra. Kò pẹ́, iwájú jíìpù wúwo, ẹ́ńjìnì ké, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀. Mo pa á kíá, kó má baà gbẹ́ ara rẹ̀ sí i.

Bọ̀ọ̀dá ní òun ò ní jẹ́ ká máa jà pẹ̀lú mọ́tò nígbà tí ẹ̀gbọ́n òun wà nínú rẹ̀. A gbé ìyá mi sọ̀kalẹ̀ tòun ti ẹní, a tẹ́ ẹ sábẹ́ igi àgbọn. Mo mú ṣọ́bìrì, mo ń kó yanrìn kúrò níwájú táyà. Oòrùn mú. Bọ̀ọ̀dá jókòó síbi orí ìyá mi, ó ń fi fìlà lé eṣinṣin, ó ń sunkún láìbojú. Mo jowú rẹ̀. Mo dúró, mo gbìyànjú láti ronú kan ohun kan tí yóò pa mí lẹ́kún. Kò sí. Mo padà sẹ́nu yanrìn.

Mo tún yọ afẹ́fẹ́ díẹ̀ sí i, mo ti pákó sábẹ́ táyà, mo fi í sí gíà tó lágbára jù, mo rọra tẹ̀ ẹ́. Ó gun orí pákó, ó jáde. N kò gbọdọ̀ dúró, nítorí ibi tí mo bá dúró sí náà ni yóò tún gbé e mì. Mo wà á lọ títí mo fi dé ibi tí koríko ti di ilẹ̀ mú, mo sì fẹsẹ̀ rìn padà wá.

Bọ̀ọ̀dá rí mi. Ó ti mọ ohun tó kù. "Ó yá, bọ́ síbi ẹsẹ̀ wọn," ni ó wí. "Èmi ni màá mú orí."

A gbé ìyá mi rìn lórí yanrìn yẹn, àwa méjèèjì. Ó wúwo ju bí mo ṣe rò. Ẹsẹ̀ wa ń rì. Ẹ̀ẹ̀kan péré la sọ̀ ọ́ kalẹ̀, tí bọ̀ọ̀dá nu ojú rẹ̀ fún un, a sì tún gbé e dé ìdí jíìpù, a tẹ́ ẹ sí i.

Nígbà tí a dé ibi tí ilẹ̀ líle bẹ̀rẹ̀, mo sọ fún un pé a ní láti fún táyà ní afẹ́fẹ́ padà, pé tí a bá fi táyà tó rọ̀ bẹ́ẹ̀ sáré lórí títì, yóò gbóná, yóò sì bẹ́. Kò jiyàn mọ́. Ó gba pọ́ǹpù lọ́wọ́ mi. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lulẹ̀ ló ń wí pé, "Láìlàhá," bó ṣe ń fà á sókè ló ń wí pé, "ilàlláhù." Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo gbà á, òun sì ń bá mi wí i nìṣó. Bí a ṣe fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní afẹ́fẹ́ nìyẹn.

Wọ́n ti ń kírun àsárì nígbà tí a wọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Àwọn obìnrin wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í, àwọn àfáà kírun sí i lára, a sì sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí a ti ibi ìsìnkú dé, ẹ̀gbọ́n mi pè mí sí kọ̀rọ̀.

"Báwo ni ojú wọn ṣe rí nígbà tí o débẹ̀?"

Mo la ẹnu, ohun tó sì jáde ni pé, "Yanrìn ibẹ̀ ti rọ̀ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ."

Ó wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí, ó sì kúrò níbẹ̀. Títí di ọjọ́ fídáù, kò bá mi sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ. Àwọn kan nínú agbo ilé ń sọ pé ọkàn mi le. Mo gbà fún wọn. Mo ń jẹun, n kò mọ̀ bóyá iyọ̀ wà níbẹ̀. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá mi kò sì lé mi sílé. Ó kàn ń gbé táyà fún mi ni, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà mìíràn, mo máa ń gba Tinúbú lọ ra ohun èlò, àwọn òṣìṣẹ́ báńkì á máa gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, n ó sì dé ibi tí mò ń lọ láìmọ ọ̀nà tí mo gbà.

Bọ̀ọ̀dá ló bá ẹ̀gbọ́n mi sọ̀rọ̀. N kò mọ gbogbo ohun tó sọ. Èyí tí mo gbọ́ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni pé, "Ẹsẹ̀ wọn ló dì mú. Kò jẹ́ kó kan yanrìn." Lọ́jọ́ náà, ẹ̀gbọ́n mi gbé oúnjẹ wá fún mi fúnra rẹ̀, ó sì dúró títí mo fi jẹ ẹ́ tán.

Láti ìgbà yẹn ni bọ̀ọ̀dá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Yóò jókòó lórí táyà kan, yóò máa wo iṣẹ́ wa. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń wakọ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín, ó sì yọ̀ǹda jíìpù àtijọ́ kan fún wa. Mo gbé e lọ sí ìta gbangba kan létí òkun, mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Jíìpù fò, ó kú. Bọ̀ọ̀dá tún tàn án, ó tún kú.

"Ẹ fi ẹsẹ̀ òsì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bọ̀ọ̀dá."

"Díẹ̀díẹ̀ náà ni mò ń fi í sílẹ̀."

Títí bọ̀ọ̀dá fi kú, kò mọ̀ ọ́n wà dáadáa. Ṣùgbọ́n ó ń wá ní gbogbo Jímọ̀, èmi náà sì ń tan mọ́tò dè é.