Bàtà Tó Ti Gun Òkè Ṣáájú Yẹ̀ẹ́wò

Ọkùnrin kan wà tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ rí. Ẹ bá sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́, á kọ́kọ́ ṣí fèrèsé. Ẹ bá ní omi ti hó, á ṣí ìdérí ìkòkò. Bàtà ló ń tún ṣe, ó ti lé lógójì ọdún nídìí ẹ̀, ọ̀rọ̀ tó sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù láti àárọ̀ dalẹ́ ni "yẹ̀ ẹ́ wò." Bí gbogbo àdúgbò ṣe sọ ọ́ di Yẹ̀ẹ́wò nìyẹn, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọ tí wọ́n bí lójú ẹ̀ rò pé orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ni.

Ìsàlẹ̀ ilé tó ń gbé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, àtẹ̀gùn mẹ́rin lèèyàn á sọ̀ láti ojú títì kó tó débẹ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, ó ga, ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan ló ń hàn níbẹ̀. Nítorí náà ẹsẹ̀ ló fi ń dá èèyàn mọ̀, kì í ṣe ojú. Ó gbà pé ẹnu lè purọ́, omijé lè purọ́, ẹ̀rín gan-an lè purọ́, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ bàtà ò mọ irọ́ pa. Ọkùnrin kan gbé bàtà wá rí, ó ní inú ọ́fíìsì lòun wà láti àárọ̀. Yẹ̀ẹ́wò rí iyanrìn odò lójú ìrán bàtà náà. Ó kàn ń wo ọkùnrin náà títí ìyẹn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi í.

Tíṣà ni ìyàwó rẹ̀, ó sì ti fẹ̀yìn tì láti ọdún tó kọjá. Tíṣà náà ni gbogbo èèyàn ń pè é, ọkọ rẹ̀ pàápàá. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ ọmọ nínú kíláàsì kan náà, òkè tó wà lẹ́yìn ìlú sì ń yọjú sí i látojú fèrèsé. Ó ti ya òkè náà sára pátákó láìmọye ìgbà, ó ti ṣàlàyé bí kùrukùru ṣe ń bò ó, kò sì fẹsẹ̀ kàn án rí. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ni ọkọ rẹ̀ ti ṣèlérí pé àwọn méjèèjì á jọ gùn ún. Ìlérí náà dàgbà ju ọmọ wọn lọ, ọmọ wọn sì ti bímọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí wọ́n ṣe ń mu tíì, Tíṣà gbé ife rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọkọ mi, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí òjò bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ti ọ̀nà òkè pa. Tí òjò bá tún bá wa nísàlẹ̀ lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ òkè fún mi mọ́."

Kò pariwo, kò lejú. Ohun tó ba ọkọ rẹ̀ lẹ́rù gan-an nìyẹn. Obìnrin tó bá ń bá ọkọ jà ṣì ń retí nǹkan lọ́wọ́ ẹ̀. Èyí tó bá ń sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ ti ń palẹ̀ ọ̀rọ̀ mọ́.

"Kí ló wà lọ́dún yìí tí kò ní sí lọ́dún tó ń bọ̀?"

"Ọjọ́ ló ń lọ," ni Tíṣà wí, ó sì kó ife lọ fọ̀.

Yẹ̀ẹ́wò ò gba ìyẹn náà gbọ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀, ó sì mọ̀ pé tí ìlérí yìí bá já, kò sí okùn tóun lè fi rán an. Ó bọ́ épúròònù sílẹ̀, ó lọ sí ọ́fíìsì àwọn afinimọ̀nà tó wà nípẹ̀kun òpópónà.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, torí pé ẹnu rẹ̀ kì í pa dé. Ó tẹ́ àwòrán òkè sílẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ọ̀kan á gba ọjọ́ méjì, ọ̀kan á gba odidi ọjọ́ kan, ọ̀kan kúkurú sì wà fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, èyí kúkurú yìí ló dáa fún yín. Wákàtí méjì lẹ máa fi gòkè, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ máa fi sọ̀. Kò sí ibi tẹ́ ẹ ti máa di okùn mú. Ìjókòó wà ní agbedeméjì."

"Ta ló wọn wákàtí méjì náà?"

"Àwa náà ni, sà."

"Ẹsẹ̀ ta lẹ fi wọ̀n ọ́n? Ẹsẹ̀ ọmọ ogún ọdún, àbí ẹsẹ̀ àgbà?" Kò dúró gbọ́ èsì. "Tí ọ̀nà bá sì rọrùn bó o ṣe wí, kí ni ìjókòó ń wá láàárín ẹ̀?"

Ẹlẹ́rìn-ín tún rẹ́rìn-ín. Yẹ̀ẹ́wò wo ẹ̀rín náà bí ẹni ń wo bàtà tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ tí wọn ò rán. Ta ló ń ta oyin tó máa sọ pé ó korò?

"Ọmọ mi, mi ò ní fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù kankan. Bàtà àwọn tó ti gba ọ̀nà yìí ni kó o kó wá bá mi. Màá bá wọn tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí bàtà bá sọ ni mo máa gbà."

"Mo ti gbọ́, sà. Ẹ bá mi kí Tíṣà."

Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí ọ̀rọ̀ yẹn tó wọ̀ ọ́ lára. Òun ò kúkú dárúkọ Tíṣà níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ìdajì ìlú ló ti gba kíláàsì Tíṣà kọjá, ṣùgbọ́n ó ń ro ọ̀rọ̀ náà títí ó fi délé.

Láti ọjọ́ yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ìyàwó rẹ̀. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ó ṣàkíyèsí pé lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Sátidé, Tíṣà máa ń jáde ní ìdájí, á ní òun fẹ́ lọ kí ọ̀rẹ́ òun kan. Tó bá dé ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, òógùn á wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa dán. Ó tún gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé. Tẹ́lẹ̀, ṣe ni Tíṣà máa ń gun àtẹ̀gùn yẹn wìtìwìtì. Ní báyìí, á gbé ẹsẹ̀ kan, á dúró kó tó gbé èkejì. Yẹ̀ẹ́wò rò ó, ó ní ẹni tó bá ń yọ́ ẹsẹ̀ rìn báyẹn, kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ òun ni. Ó bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló ń ṣe é tó fi ń rìn bí ológbò. Tíṣà ní, "Mò ń rọra ni. Ṣé ẹ máa mú mi ni?"

Lọ́jọ́ kan tí Tíṣà ń sùn lọ́sàn-án, ó gbé sálúbàtà rẹ̀, ó yí i dojú dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó mọ́ tónítóní bí ẹni pé kò jáde nílé rí. Ìyẹn wá ba ọ̀ràn jẹ́ pátápátá. Ibo lèèyàn ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ tí eruku ò ní kan bàtà rẹ̀? Ó sì tún rántí pé láti ìgbà tí Tíṣà ti fẹ̀yìn tì, kò gbé bàtà kankan wá fún òun tún ṣe mọ́. Ní ọjọ́ orí àwọn méjèèjì, ojú ń tì í láti ro ohun tó ń rò, ṣùgbọ́n ó ń rò ó.

Ọjọ́ mẹ́wàá kọjá kí Ẹlẹ́rìn-ín tó gbé àpò kan wọ ṣọ́ọ̀bù. Bàtà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Yẹ̀ẹ́wò tan iná orí tábìlì, ó wọ jígí rẹ̀. Ó ti méjì àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kíá. "Àwọn afinimọ̀nà yín ló ni èyí. Ẹran ìgbẹ́ làwọn yẹn, mi ò lè fi ẹsẹ̀ wọn wọn tèmi." Ó gbé ìkẹta, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. "Ẹni yìí ò gun nǹkan kan. Ìdí òkè ló dé tó ya fọ́tò, tó sì padà."

Ẹlẹ́rìn-ín bú sẹ́rìn-ín, torí pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn.

Bàtà obìnrin ni ìkẹrin, awọ pupa rẹ́súrẹ́sú, nọ́ńbà tí ìdajì obìnrin àdúgbò ń wọ̀. Yẹ̀ẹ́wò dì í mú pẹ́. Ó fi abẹ́rẹ́ gbọn òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ sórí bébà. Ó funfun bí ti inú bàtà àwọn afinimọ̀nà, ti orí òkè téńté.

"Ẹni yìí débẹ̀," ló wí. "Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré. Á tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Àgbà ni, ó ti lé lọ́gọ́ta. Kò ṣubú rí, imú bàtà ò bó. Kò kánjú, ìdì kan náà ló ń di okùn ẹ̀." Ó wá yí ti òsì padà. "Ṣùgbọ́n orúnkún òsì ń dùn ún. Ó ń dùn ún gan-an. Wo bó ṣe ń fi ẹ̀gbẹ́ gìgísẹ̀ tẹlẹ̀, ó ń sá fún un. Kì í ṣe lórí òkè nìkan. Kódà tó bá ń gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀, á máa dúró."

Ẹlẹ́rìn-ín ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń wo ilẹ̀.

"Ṣé ẹni yìí ò ní ẹni nílé ni?" ni Yẹ̀ẹ́wò bi í, inú sì ń bí i. "Kí obìnrin máa jẹ irú ìrora yìí, kí ẹni tó ń bá a gbé má rí i? Afọ́jú ni wọ́n fún un fẹ́ ni?"

"Mi ò mọ̀, sà," ni ọmọbìnrin náà wí.

Yẹ̀ẹ́wò gé awọ kan, ó fi sábẹ́ gìgísẹ̀ òsì kí ìwúwo má bàa dé orúnkún, ó rán an mọ́ ọn. Ó wá fi ọ̀bẹ fa ilà mẹ́ta sí i, torí pé kò sí iṣẹ́ tó kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ láìní ilà mẹ́ta yẹn. "Sọ fún un kó lọ rí dókítà. Kó o sì kọ orúkọ èmi àti Tíṣà sílẹ̀ fún Sátidé. Tí ẹlẹ́sẹ̀ yìí bá lè dé orí òkè, kí ló máa ṣe mí?"

Nígbà tó sọ fún Tíṣà, obìnrin náà kàn ní, "Ẹ ṣeun," ó sì yíjú sí ògiri fúngbà díẹ̀. Yẹ̀ẹ́wò fura sí ìyẹn náà.

Òjò fẹ́ẹ́rẹ́ kan ti kọ́kọ́ rọ̀ kí ọjọ́ Sátidé tó mọ́, ilẹ̀ rọ̀. Níbi ìdí òkè, Ẹlẹ́rìn-ín ṣàlàyé fún wọn pé wọn ò nílò afinimọ̀nà, kí wọ́n ṣáà máa tẹ̀ lé ọ̀dà funfun tó wà lára òkúta. Yẹ̀ẹ́wò fẹ́ mọ ẹni tó kun ọ̀dà náà, ọdún wo ló kùn ún, àti bóyá ẹni náà mọ̀nà. Ibi tó ti ń bá ọ̀dà jà ni Tíṣà ti jókòó sórí òkúta kan lẹ́yìn rẹ̀, tó bọ́ sálúbàtà, tó sì mú ohun mìíràn jáde nínú báàgì wọ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ gùn dé ilẹ̀.

Yẹ̀ẹ́wò ló ṣáájú. Ẹni tí kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ kì í jẹ́ kí ẹnìkan ṣáájú òun. Ṣùgbọ́n ogójì ọdún lórí àpótí kúkurú kì í ṣe eré. Kí wákàtí kan tó pé, ó ti ń mí hẹlẹhẹlẹ, nígbà tó sì rí ìjókòó tó bú lọ́jọ́sí, ó jókòó sórí ẹ̀.

"Ẹ sinmi," ni Tíṣà wí. "Màá máa lọ díẹ̀díẹ̀."

Ó sinmi títí èémí rẹ̀ fi wálẹ̀, ó dìde, ó ń tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀ bó ṣe máa ń wà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí ipasẹ̀ kan nínú ẹrẹ̀. Ọ̀tún tẹlẹ̀ dáadáa, òsì yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ilà mẹ́ta sì wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀ kedere. Ó dúró. Obìnrin yẹn wà lórí òkè lónìí, ló rò nínú ara rẹ̀. Kí ló mú un wá lọ́jọ́ tiwa? Ta ló rán an? Ó yára díẹ̀, ó fẹ́ bá a, ó fẹ́ rí ojú ẹni tó fi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ gun òkè lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ó gbójú sókè. Kò sí ẹlòmíì lójú ọ̀nà. Tíṣà nìkan ló wà níwájú, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó dúró kó tó gbé èkejì.

Ó rántí àtẹ̀gùn ilé. Ó rántí ológbò. Gbogbo ohun tó ti fojú ìfura wò láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan wá tò síwájú rẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn, kò sì sí ọ̀kan tó jẹ́ ẹ̀tàn níbẹ̀. Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí. Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀.

"Láti ìgbà wo ni?"

Tíṣà wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sì mọ̀ pé ọkọ òun ti rí i. "Kí n tó fẹ̀yìn tì ló ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn òjò, wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún yìí. Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó má ká dáadáa mọ́."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Tí mo bá sọ ọ́, dókítà lẹ máa lọ yẹ̀ wò. Tí mo bá ní ọ̀nà yìí ò le, ẹ máa ní ta ló rán mi. Bàtà nìkan lẹ máa ń gbọ́ tiẹ̀. Ni mo bá ra bàtà, mo wọ̀ ọ́ gun ibí, mo ní kí ọmọ yẹn gbé e fún yín."

Yẹ̀ẹ́wò ò lè gbójú sókè. "Ó jíṣẹ́ fún ọ? Gbogbo ohun tí mo sọ?"

"Ó jíṣẹ́. Ó ní ẹ bèèrè bóyá mi ò ní ẹni nílé ni."

"Kí lo wá sọ fún un?"

"Mo ní mo ní ẹnìkan."

Yẹ̀ẹ́wò sunkún bí ọmọdé, kò sì fi pa mọ́. Lẹ́yìn náà ó nu ojú, ó bọ́ sí apá òsì Tíṣà, ó ní kó fi gbogbo ara ti òun.

"Ó kù bíi mélòó ká débẹ̀?" ló bi í.

"Ogún ìṣẹ́jú."

Yẹ̀ẹ́wò ò bèèrè ẹni tó wọ̀n ọ́n. Wọ́n ń lọ.