Yàrá Kan ní Ìkòsí, Ilé Kan ní Agbóyì

A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun àsùbáà tán ni mo gbé báàgì mi jáde nílé ní Ṣakí. Oṣù kẹsàn-án ni, òjò sì ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni mò ń lọ wò ní Èkó. Mọ́ríámọ̀ ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kú sínú odò ní oṣù tó ṣáájú, wọ́n sì ti sin ín kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ mi. Bàbá Mọ́ríámọ̀ ti ṣaláìsí tipẹ́. Èmi nìkan ló kù tó lè pè ní òbí.

Ọdún mẹ́sàn-án ni n kò ti fojú kàn án. Kì í ṣe pé ọ̀nà jìn. Nígbà tó sọ pé ọmọ Ìlàjẹ kan tó ń pẹja ní Agbóyì lòun fẹ́ fẹ́, èmi tíṣà, tí gbogbo ẹbí ń gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu, ni mo ní kí ló ń wá láàárín àwọn ará omi. Mo ní n kò ní bá wọn débi ìgbéyàwó náà. N kò lọ. Àwọn yòókù náà ò sì lọ.

Ẹni tó bá fẹ́ rin ìrìn àjò yìí lónìí, kó mú ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlá náírà dání fún mọ́tò láti Ṣakí dé Kétu, kó sì jẹun díẹ̀ kó tó wọkọ̀, nítorí kòtò tó wà láàárín Ṣakí àti Ìsẹ́yìn kì í jẹ́ kí oúnjẹ dúró nínú èèyàn. Láti Ìsẹ́yìn dé Mọ́níyà, ọ̀nà tẹ́jú, mo tilẹ̀ sùn. Mo ra wàrà ní Ìsẹ́yìn ní ọ̀ọ́dúnrún náírà ẹyọ kan. Irú rẹ̀ kan náà ni mo rí ní Kétu lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ó sì ti kan.

Dírẹ́bà wa, ọkùnrin kan tó máa ń fi ẹ̀rín sí ọ̀rọ̀, bi mí léèrè ibi tí mò ń lọ.

“Ọ̀dọ̀ ọmọ mi ni, ní Agbóyì.”

Ó wò mí nínú dígí iwájú. “Agbóyì kẹ̀, Ìyá? Ọmọ Ṣakí? Kétu àti Ìkòsí làwọn ọmọ Ṣakí ń gbé o. Agbóyì, inú omi nìyẹn.”

 Ohun tí èmi náà ì bá sọ ló sọ.

Ilé Alhaji Ràṣídì ní Ìkòsí ni mo kọ́kọ́ sọ̀ sí. Òun ni alága ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní agbègbè náà. Mo ṣáájú rẹ̀ ní ilé ìwé, ìdí nìyẹn tó fi ń pè mí ní Àǹtí títí dòní. Ilé alájà kan ni ilé rẹ̀, táìlì ni gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, omi sì ń jáde nínú ẹ̀rọ ní ìgbàkigbà tí èèyàn bá ṣí i. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá wá fún mi, ẹja tó wà nínú rẹ̀ tóbi ju ọwọ́ mi lọ. Àwòrán àwọn ọmọ wọn mẹ́rin wà lára ògiri nínú aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́ gboyè. Ọ̀kan jẹ́ lọ́yà, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, méjì ti kọjá sí òkè òkun.

Alhaji fúnra rẹ̀ mú mi rìn yí àdúgbò ká. Ó fi ilé ìpàdé ẹgbẹ́ wa hàn mí, ó fi yàrá mẹ́fà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ hàn mí, níbi tí wọ́n ń fi àwọn opó àti àwọn tí ara wọn ò yá sí. Ó ní nígbà tí àwọn bàbá wọn dé láti Ṣakí, abẹ́ tírélà ni wọ́n ń sùn. Wọ́n ru ẹrù, wọ́n fọ mọ́tò, wọ́n rán aṣọ, wọ́n kọ́ ọkọ̀ wíwà. Àwọn onílẹ̀ ń ta ilẹ̀ nígbà náà, ẹni tó bá sì ti rówó ra ilẹ̀ kan máa ń gba ẹlòmíràn sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ títí tí onítọ̀hún náà yóò fi ní tirẹ̀.

“Àwa mọ bí a ṣe ń jìyà, Àǹtí,” ni Alhaji wí. “Ìṣòro àwọn ará omi ni pé wọn ò fẹ́ kúrò lójú kan.”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi nínú, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Inú mi dùn pé mo jẹ́ ọmọ Ṣakí lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí etí omi. Kò gbà wá ju bíi ogún ìṣẹ́jú lọ láti ilé Alhaji, ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sún mọ́ omi ni ọ̀nà ń dín kù. Ọ̀dà tán, a bọ́ sórí yanrìn. Yanrìn tán, a bọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀. Níbi tí ẹrọ̀fọ̀ parí sí ni àwọn ọkọ̀ onígi wà. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni owó ọkọ̀.

“Ẹ jókòó sí àárín, Mummy,” ni ọkùnrin tó ń wa ọkọ̀ wí. “Ẹ má ṣe sún o.”

Èmi tí mo dàgbà sórí òkè, n kò sún. N kò tilẹ̀ mí dáadáa. Ojúoró bo omi débi pé ó dà bí pápá. A kọjá lára àwọn ọkọ̀ oníyanrìn. Ọkùnrin kan gba orí àkàbà sọ̀ kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ wọ inú omi lọ, ó mú korobá dání, orí rẹ̀ sì pòórá. Mo ń kà lọ́kàn mi. Mo kà dé márùndínlógójì kó tó yọ jáde, ó da yanrìn sínú ọkọ̀, ó tún padà wọ omi.

“Kò sí nǹkan tó so mọ́ ọn?” ni mo bi ọlọ́kọ̀.

“Kò sí o, Mummy. Èémí ẹ̀ nìkan ni.”

Iṣẹ́ yẹn ni ọkọ Mọ́ríámọ̀ ń ṣe nígbà tó kú.

Ilé wọn jẹ́ ti pákó, òpó ló gbé e dúró. Omi wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì ń rí i láàárín pákó tí mo ń tẹ̀. Mọ́ríámọ̀ kúnlẹ̀. “Ẹ káàbọ̀, Ìyá Tíṣà.” Kò sunkún, kò sì fò mọ́ mi. Ó ti gbẹ, ó fi aṣọ dúdú wé orí. Ọmọbìnrin rẹ̀, Ẹniọlá, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo bàtà mi. Ìyá ọkọ rẹ̀ wà lórí ẹní. Ìyá náà ò ríran dáadáa mọ́, ó ní kí n sún mọ́ òun kí òun lè fọwọ́ kan ojú mi.

“Ọma ẹ tọ́jú mi púpọ̀,” ló sọ fún mi. Ọma ni àwọn Ìlàjẹ ń pe ọmọ.

Wọ́n fún mi ní púpurú. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n nílé, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ bíi ti láfún wa ni. Àwọn ń mọ ọ́n ní róbótó, wọ́n ń gbé e ka orí iná títí èéfín yóò fi wọ̀ ọ́, kí wọ́n tó họ ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, kí wọ́n sì gún un. Ó le lẹ́nu díẹ̀, ó sì ń ta sánsán èéfín. Mo bèèrè bóyá inú odò yìí ni wọ́n ti pa ẹja tí a fi jẹ ẹ́.

“Ẹja yìnyín ni, Ìyá Tíṣà,” ni Mọ́ríámọ̀ wí. “Ilé yìnyín tó wà ní Mile 12 ni mo ti ń rà á. Mo máa ń yan án níbí, màá tún gbé e padà lọ tà níbẹ̀. Ẹja ò sí nínú odò mọ́.”

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló wá ròyìn bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀. Òkun ló gba ilẹ̀ wọn ní Ìlàjẹ. Òun àti ọkọ òun gbé ọkọ̀ àti àwọ̀n, wọ́n gba orí omi wá títí wọ́n fi dé Agbóyì. Ó ní Kétu ṣì kún fún igbó nígbà náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń sùn sábẹ́ tírélà sì máa ń wá sí etí omi láti gba ẹja tó ti fọ́ lọ́wọ́ òun, òun a sì fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí òun ní púpọ̀. Mo ṣírò rẹ̀ nínú ara mi. Àwọn bàbá Alhaji nìyẹn.

Títì dé sí ẹ̀gbẹ́ àwọn bàbá Alhaji, kò dé sí ẹ̀gbẹ́ àwọn ará omi. Ilẹ̀ gbígbẹ di ohun tí èèyàn ń rà tó sì ń gba ìwé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kọ ìwé fún ẹni tó ń gbé orí omi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn kan ti wá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé wọn pé kí wọ́n kó lọ. Tíṣà ilé ìwé wọn kì í wá bí omi bá ru. Ẹ̀rọ tó ń fa yanrìn dé, odò rú, ẹja sá. Bọ̀dé ọkọ Mọ́ríámọ̀, ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí ìyá náà bí, tó mọ ẹja pa bíi bàbá rẹ̀, wá di ẹni tó ń fi korobá bu yanrìn nísàlẹ̀ odò kí wọ́n lè fi kọ́lé ní ìlú. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó wọ omi, yanrìn ya lù ú. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá a.

“Èmi ni mo bá a dé etí ọkọ̀ láàárọ̀ yẹn,” ni Mọ́ríámọ̀ wí. 

Ìyá náà bi mí pé, “Ṣé òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín?”

“Ó ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta kí n tó kúrò, Ìyá.”

Ó mi orí. “Ó máa dé ibí láìpẹ́.”

Ìgbà náà ló yé mi. Odò Ògùn ni omi tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ wa lókè lọ́hùn-ún ló ti ń ṣàn bọ̀.

Mo ní kí wọ́n kó ẹrù, kí a jọ máa lọ sí Ṣakí. Ìyá náà ní òun ò lè fi ibi tí wọ́n sin ọmọ òun sí sílẹ̀, kí òun fọ́jú sí ìlú onílùú. Mo wá rántí yàrá mẹ́fà ẹ̀yìn ilé ìpàdé. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni èmi àti Mọ́ríámọ̀ lọ sọ́dọ̀ Alhaji.

Ó gbà wá dáadáa. Ó bá Mọ́ríámọ̀ kẹ́dùn, omi lé sí i lójú. “Ọmọ wa ni ọ́,” ló wí. “Yàrá kan ṣófo. Ìwọ àti ọmọ rẹ lè kó wọlé lọ́la.”

“Àti ìyá ọkọ mi, Daddy?”

Alhaji wo ilẹ̀. “Yàrá ọmọ Ṣakí ni. Òfin ẹgbẹ́ nìyẹn, èmi nìkan kọ́ ni mo ṣe é. Tí mo bá gba ọ̀kan, kí ni màá sọ fún ẹni tó bá tún dé?”

Ara mi gbóná. “Ràṣídì, nígbà tí bàbá rẹ dé Kétu, ta ló mọ̀ ọ́n?”

“Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n, Àǹtí,” ló dá mi lóhùn jẹ́ẹ́. “Torí ẹ̀ la ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀.”

 Ìkà kọ́ ni Alhaji. Ó ti sin òkú ọ̀pọ̀ ọmọ Ṣakí, ó ti rán ọmọ aláìníbaba lọ sílé ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ kò kàn nà ju ibi tí orúkọ ìlú wa dé lọ ni.

Mọ́ríámọ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ó ní, “Daddy, nígbà tí mo bí Ẹniọlá, ẹ̀jẹ̀ ń da lára mi. Bọ̀dé ò sí nílé. Ìyá yìí ló gbé mi sínú ọkọ̀, òun ló wa ọkọ̀ náà dé etí omi, tó sì ń kígbe títí wọ́n fi gbé mi dé ọsibítù. Kò sí ọmọ Ṣakí kankan níbẹ̀. N ò lè fi í sílẹ̀.”

Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́. Ì bá sàn fún mi kó wò ó.

A tẹ̀ lé ara wa padà sí etí omi. Ibẹ̀ ló ti ní kí n mú Ẹniọlá lọ sí Ṣakí. Ó ní kó lọ sí ilé ìwé tí tíṣà ń wá lójoojúmọ́. Mo ní ṣé ó dá a lójú. Ó ní kò dá òun lójú, ṣùgbọ́n omi ń bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta ni wọ́n fi ọkọ̀ gbé wa sọdá. Ìyá àgbà náà bá wa wá, ó jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó di ọwọ́ ọmọ náà mú. Ó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí a dé orí yanrìn, Ẹniọlá bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún bojú wẹ̀yìn mọ́. Jálẹ̀ ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀ láti ojú fèrèsé mọ́tò. Ní Ìsẹ́yìn mo ra wàrà fún un. Ó dì í mọ́ ọwọ́ títí omi rẹ̀ fi ro sí aṣọ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ni a wọ Ṣakí. Àwọn ará ilé àti aládùúgbò péjọ, wọ́n ń bèèrè àwọn ènìyàn wa ní Èkó. Tẹ́lẹ̀, ilé Alhaji ni màá ròyìn, àti àwòrán àwọn ọmọ rẹ̀ lára ògiri, a ó sì jọ yọ̀ pé a kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo ròyìn rẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn náà mo sọ fún wọn pé àwọn méjì ló dé etí omi kan náà lákòókò kan náà, pé n kò rí ọ̀lẹ kankan nínú àwọn méjèèjì, pé títì ya sí ọ̀dọ̀ ọ̀kan, omi sì ya sí ọ̀dọ̀ èkejì. Mo sọ pé ọmọ wa kan fẹ́ wọ àárín wọn, èmi ni mo sì kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn.  Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní kí n sinmi.

Fóònù dún kí oòrùn tó wọ̀. Mọ́ríámọ̀ ni. Ó ní omi ti dé orí pákó, àwọn ti gbé ìyá sórí tábìlì, àwọn ará ilé kejì ń mú ọkọ̀ bọ̀ láti gbé wọn lọ sí ilé ìjọsìn kan tó ga díẹ̀. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bíi ti ẹni tó ti ṣe é rí. Ó gbé fóònù fún ìyá ọkọ rẹ̀.

“Ìyá Tíṣà,” ni ìyá náà wí, mo sì ń gbọ́ ariwo omi lẹ́yìn rẹ̀. “Ọma mi ń kọ́? Ṣé ó ti jẹun?”

Ẹniọlá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, abọ́ oúnjẹ wà níwájú rẹ̀ bí mo ṣe bù ú, ó ti tutù. Kò tíì fi nǹkan kan kan ẹnu láti ìgbà tí a ti kúrò ní Agbóyì.

“Ó ti jẹun, Ìyá,” ni mo wí. “Ó jẹun dáadáa.”