Ẹ̀ka Tí Mo Gé Dé Àárín

Mo kàn rí i pé okùn tó wà ní ìbàdí mi le gbagidi. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ gígun igi máa ń mọ ọwọ́ ẹni tó di okùn rẹ̀ mú nílẹ̀, bí èèyàn ṣe ń mọ ìrìn ìyàwó rẹ̀ láti inú yàrá. Ọwọ́ yìí kì í ṣe ti ẹnìkejì mi lẹ́nu iṣẹ́. Mo pa ẹ́ńjìnnì ìgégi, mo wo ilẹ̀.

Ẹnìkejì mi ti fẹ̀yìn lé fẹ́ǹsì, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọkùnrin kan tí n kò rí rí, tó wọ jalamíà funfun, ló dúró sídìí igi. Ó ti wé okùn mi mọ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Àdá wa, èyí tí a fi ń rẹ́ ewé, ló wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀.

“Máa bọ̀ nílẹ̀,” ló wí. Kò pariwo. “Àbí kí n gé e, kí o tètè dé?”

Ọdún tí mo ti ń gun igi kì í ṣe kékeré. Oyin ti ta mí lórí igi, ejò ti bá mi pàdé lójúkojú lórí ẹ̀ka. Kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù bí ohùn jẹ́jẹ́ yẹn.

Apá Bódìjà lọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Mi ò ní sọ àdúgbò náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Igi máńgòrò ńlá kan ni, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó mọ fẹ́ǹsì láàárín ilé méjì. Nígbà tí bíríkìlà mọ fẹ́ǹsì dé ìdí rẹ̀, ó dáwọ́ dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀ lódìkejì, ó sì fi àlàfo tí èèyàn lè fẹ̀gbẹ́ gbà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni igi kan ṣe wá di ti ilé méjì. Ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Mọ́mì, ló pè mí. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sólà sórí òrùlé wọn ni, òjìji igi náà kì í jẹ́ kí oòrùn kan páànẹ̀lì títí di ọ̀sán. Wọ́n fẹ́ kí n gé gbogbo igi náà lulẹ̀. Mo bi wọ́n pé ṣé ará ilé kejì mọ̀ sí i.

“Mo ti bá wọn sọ ọ́,” ni wọ́n wí. “Àwọn náà ń retí yín.”

Èyí tó ń retí mi nìyẹn, tòun ti àdá lọ́wọ́.

“Alájì, ẹ jọ̀ọ́ sà,” ni mo wí látòkè, “mo ti gé ẹ̀ka yìí dé àárín. Ẹ jẹ́ kí n parí rẹ̀. Bí mo bá fi sílẹ̀ báyìí, apá ọ̀dọ̀ yín ló máa wó sí.”

“O ti gé e dé àárín?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Ibi ọmọ mi wà lábẹ́ igi yìí. Ìyá mi sin ibi àkọ́bí mi síbẹ̀, wọ́n sì gbin máńgòrò lé e lórí. Ọmọ ọ̀hún wà lókè òkun báyìí, ó ń ṣàìsàn. Ìwọ sì wà lórí ibi rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì. Máa bọ̀!”

Mo wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ka náà lápá ilé rẹ̀. Ilé ìdáná kan tí wọ́n fi páànù bò ló wà níbẹ̀, bẹ́ǹṣì sì wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ìyá arúgbó kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, wọ́n ń yáàrùn, wọ́n gbójú sókè, wọ́n ń wò mí. Ìyá ọkùnrin náà ni. Ẹ̀ka tí mo ti gé dé àárín, tó tóbi ju ara mi lọ, ló wà lókè orí wọn gan-an.

Mo fi okùn kejì so ẹ̀ka náà mọ́ ara igi. Mo kánjú débi pé mi ò mọ irú kókó tí mo ta. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí igi ti pín, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òrùlé lọ mọ́, ọkùnrin náà gé okùn mi. Òkìtì ewé tí a ti gé tẹ́lẹ̀ ló gbà mí sílẹ̀. Mo fi ìhà balẹ̀, mi ò lè mí fún ìgbà díẹ̀. Ó dúró lé mi lórí.

“Gbọ́ dáadáa,” ló wí. “Tí ẹ̀ka yẹn bá já bọ́ lu ohunkóhun nílé mi, ìwọ ni màá wá. Tó o bá sì tún gun igi yẹn, o ò ní fẹsẹ̀ ara ẹ rìn kúrò nídìí ẹ̀.”

Ó fẹ̀gbẹ́ gba àlàfo, ó wọ ilé rẹ̀. Mọ́mì yọjú láti ojú fèrèsé. “Ṣé ó ti lọ? Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, jàre. Ẹnu lásán ló ní.”

Mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe bá a sọ ọ́. Wọ́n ní àwọn kí i láti inú mọ́tò lọ́jọ́ kan, àwọn sì sọ fún un pé àwọn fẹ́ rẹ́ ewé díẹ̀.

Òjòó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ àtíbàbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọkanáísà. Ibẹ̀ ni mo ń kó okùn, bẹ́líìtì, ayùn àti ẹ́ńjìnnì mi sí. Ìhà ṣì ń dùn mí nígbà tí àwọn géńdé méjì wá bá mi níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan. Wọ́n ní Challenge làwọn ti wá, láti gáréèjì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin lẹ máa ń gun igi?”

Mo ní èmi ni.

“Alájì ní ká wá wo ojú yín.” Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò mí bí ẹni ń wo fọ́tò. “Ojú yín ò le o. Ojú èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Irú ojú téèyàn kì í gbàgbé.”

Èkejì mú bẹ́líìtì mi nílẹ̀, ó dè é mọ́ ìbàdí ara rẹ̀, ó ń yí kiri. “Ṣé èyí ni kì í jẹ́ kí ẹ ṣubú? Ó dáa. Ẹ máa dè é dáadáa o, ẹ̀gbọ́n. Kódà tí ẹ bá wà nílẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n lọ. Fọkanáísà ò gbójú kúrò lára táyà tó ń lẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò dá mi lóhùn dáadáa mọ́.

Ìyàwó mi ní kí n gbé gbogbo rẹ̀ jù sílẹ̀, kí n lọ sọ́dọ̀ àbúrò mi ní Ẹlẹ́yẹlé fúngbà díẹ̀. Mo lọ. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ omi ni ilé àbúrò mi wà, atẹ́gùn kì í dáwọ́ dúró níbẹ̀. Bí ewé bá ti ṣe ṣìì, ọkàn mi á lọ sórí ẹ̀ka yẹn. Òjò àkọ́rọ̀ ti ń súnmọ́lé. Mo mọ bí mo ṣe gé igi náà; mo mọ̀ pé ohun tó kù tó so ó ró kò pọ̀. Ìyá náà á sì máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn láràárọ̀. Bó bá já lù wọ́n, wọ́n á kú, èmi náà á sì kú lẹ́yìn wọn. Bí mo bá sì lọ parí rẹ̀, ọkùnrin náà ti sọ ohun tó máa ṣe.

Nínú iṣẹ́ wa, agégi kì í parí ohun tí agégi mìíràn bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlara. Ẹni tó gé e nìkan ló mọ bí ojú ayùn ṣe wọnú igi tó àti apá ibi tó máa yà sí. Ẹlòmíràn tó bá gùn ún, bí ẹni tó di ojú ni. Nítorí náà, mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa bá mi ṣe é.

Mọ́mì náà ò fi mí lọ́rùn sílẹ̀. “Òjìji ṣì wà lórí páànẹ̀lì mi o,” ni wọ́n á wí lórí fóònù. “Irú oníṣẹ́ wo ni yín? Ṣé kí n fa ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá ni?”

Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún ará ilé kejì pé kí ìyá má jókòó síbẹ̀ mọ́. Wọ́n ní àwọn kì í bá irú wọn sọ̀rọ̀.

Ni mo bá lọ bá Alájì fúnra mi. Mo dúró lẹ́nu géètì mọ́sálásí wọn ní ọjọ́ Jímọ̀ títí wọ́n fi kírun tán. Mo rò pé láàárín èèyàn, kò ní lè ṣe mí ní nǹkan. Bó ṣe jáde, mo dọ̀bálẹ̀.

“Alájì, ẹ má bínú. Tìtorí ìyá ni mo ṣe wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n jókòó sábẹ́ ẹ̀ka yẹn mọ́. Ó lè pa wọ́n.”

Ó yíjú sí àwọn tó ń wọ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ẹ gbọ́ o! Ẹ jẹ́rìí mi o! Ó ní òun máa pa ìyá mi!”

“Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, sà!”

“Ó wá halẹ̀ mọ́ ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí!”

Ẹnì kan ti di ẹ̀wù mi mú lọ́rùn. Ẹlòmíràn ń bèèrè pé, “Ta ni? Ta ni?” Mi ò dúró ṣàlàyé. Mo já ara mi gbà, mo fi bàtà mi kan sílẹ̀ níbẹ̀, mo sá dé Agbówó kí n tó rí kẹ̀kẹ́ wọ̀.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni òjò àkọ́rọ̀ dé, ìjì ló sì bá a wá. Gbogbo bó ṣe ń jà, orí ìdúró ni mo wà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí n kò mọ̀ ni. Ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ni.

“Ẹ̀ka yẹn ti sọ̀ kalẹ̀. Ó ti ń tẹ páànù ilé ìdáná. Okùn ẹ ló ṣì dì í mú.”

“Ìyá ńkọ́?”

“Wọ́n jókòó sórí bẹ́ǹṣì wọn. Wọ́n ní igi táwọn fọwọ́ ara àwọn gbìn ò lè pa àwọn. Gbogbo agégi tí mo pè, wọ́n á wò ó, wọ́n á ní ta ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kí n lọ pè é. Wá. Èmi ni màá di okùn ẹ mú. Tí nǹkan kan bá ṣe ìyá mi, ìwọ náà á bá wọn lọ.”

Ìyàwó mi ní ikú ló ń pè mí yẹn, àfi bí mo bá ya wèrè. Mo kó irinṣẹ́ mi, mo bẹ ẹnìkejì mi títí ó fi gbà láti tẹ̀ lé mi, mo sì lọ.

Àwọn géńdé méjì yẹn wà níbẹ̀, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. “Ẹ̀gbọ́n olójú jẹ́jẹ́!” ni ọ̀kan nínú wọn kí mi. “Ẹ ti de bẹ́líìtì?”

Mo ní mi ò ní gun igi bí ìyá bá ṣì wà níbẹ̀. Alájì bẹ̀ wọ́n, wọn ò dìde. Mo lọ kúnlẹ̀ fún wọn.

“Ìyá, ẹ ṣàánú mi. Bó bá já lù yín, ọmọ yín á pa mí.”

Wọ́n wò mí, wọ́n wá wo ọmọ wọn. “Ìwọ lo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ?” Wọ́n pòṣé, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì àwọn lọ sí ẹ̀gbẹ́ kànga.

Mo ju okùn gba ìdí ẹ̀ka kan lókè, mo de orí kan mọ́ra, mo na orí kejì sí Alájì. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wé e mọ́ ìdí igi kó tó dì í mú. Kò wojú mi. Ẹnìkejì mi di okùn tuntun, ti ẹ̀ka, mú. Mo gùn ún.

Kókó tí mo fi ìkánjú ta lọ́jọ́sí ti wọnú èèpo igi; mo so okùn tuntun mọ́ ẹ̀ka náà, mo gé ti àtijọ́. Mi ò tan ẹ́ńjìnnì. Ayùn ọwọ́ ni mo lò, kí n lè máa gbọ́ bí igi ṣe ń ké. Mo rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Lójijì, ó dún pàà. Ẹ̀ka náà já, ó fì, ìdí rẹ̀ gbá ẹsẹ̀ mi kúrò níbi tó wà. Mo bọ́.

Okùn gbà mí. Mo ń rọ̀ láàárín òfuurufú, mo ń yí. Ẹ̀ka náà ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹnìkejì mi di tirẹ̀ mú, ó ń pariwo orúkọ Ọlọ́run. Mo wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà ti fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti gbòǹgbò igi, okùn ti bó o lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ wà lára jalamíà rẹ̀. Ó ń wò mí. Èmi náà ń wò ó. Bó bá tú ọwọ́, gbogbo ayé á sọ pé ó já mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

“Kí lò ń wò?” ló wí nígbà tó yá. “Ṣe iṣẹ́ ẹ!”

Mo fì títí mo fi di igi mú. A sọ ẹ̀ka náà kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, kò kan páànù kan mọ́. Nígbà tí ẹsẹ̀ mi balẹ̀ ni mo tó rí i pé Alájì ti ta orí okùn náà mọ́ ìbàdí ara rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé okùn yọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo já bọ́, òun náà ì bá wọ́ tẹ̀ lé mi.

Ó rí ibi tí mo ń wò. “Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi,” ló wí. “Tó o bá kú sínú ọgbà mi, ọlọ́pàá ò ní kúrò níbí.” Ó tú okùn, ó jù ú sí mi láyà. Ó yíjú sí àwọn géńdé rẹ̀. “Ẹ fi í sílẹ̀. Kò sí nǹkan kan láàárín èmi pẹ̀lú ẹ̀ mọ́. Kò gbọdọ̀ padà wá síbí, ẹ̀yin náà ò sì gbọdọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀.”

“Kò burú, Alájì.” Èyí tó ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n olójú jẹ́jẹ́ yà fún mi lọ́nà.

Mo ti ń ká okùn nígbà tí Mọ́mì yọjú lórí fẹ́ǹsì. “Ẹ̀yin! Ẹ̀ka yòókù ńkọ́? Òjìji ò mà kúrò lórí páànẹ̀lì mi!”

Mo kí wọn pé ó dàbọ̀. Ìyá arúgbó yẹn ti ní kí wọ́n gbé bẹ́ǹṣì àwọn padà sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí oòrùn ti wá ń dé dáadáa báyìí. Mo gbé okùn kọ́ èjìká, mo gba ẹnu géètì jáde, mi ò sì sáré.