Bàbá Mi, Ẹni tó Ń Béèrè Pé Ta Ló Ṣe É

Ó dìgbà o, Bàbá mi. Ó dìgbà tó jìn. Mo ti sunkún títí omi fi tán lójú mi. Ìbínú ló ṣẹ́ kù, òun náà ni mo sì fi ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ẹbí ní kí n kọ ohun tó dùn, kí gbogbo ẹni tó bá wá síbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ yìí lè mú un lọ sílé. Ṣùgbọ́n mo ti ka ojú ìwé kejì ìwé ìrántí yìí, níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kò sí ohun tí ẹ fẹ́ láyé tí ọwọ́ yín kò tẹ̀. Irọ́ ni. Nǹkan kan ṣoṣo lẹ fẹ́ lọ́jọ́ ogbó yín, àwa ọmọ yín gan-an la sì gbà á lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ tó kúrò létí ọ̀sà, tó wá di ẹni tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu ní Ìkòròdú. Mo ṣì ń rí yín láàárọ̀, tí ẹ dúró de bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ pẹ̀lú ẹ̀wù iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù tí ẹ fọwọ́ ara yín lọ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá dákẹ́, ọ̀gá ilé iṣẹ́ á ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi dé. Lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa, wọn kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹ wọlé lọ dágbére fún àwọn ẹ̀rọ yẹn. Ẹ kò bú ẹnikẹ́ni. Ẹ wálé, ẹ jókòó sí iwájú ilé, ẹ sì ń wo títì.

Nígbà tí mo di nọ́ọ̀sì ní Lọ́ńdọ̀nù tí mo ní kí ẹ wá kí mi, mo ti ṣètò ohun tí màá fi hàn yín. Ààfin ọba wà níbẹ̀, afárá ńlá wà níbẹ̀. Òjò ló bà á jẹ́. A sá wọ ilé kan nítorí òjò, a sì bá a pé mùsíọ́mù ni, ibi tí wọ́n kó kìkì ẹ̀rọ ìránṣọ jọ sí, láti ilẹ̀ dé òrùlé. Ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó pàdé ará ilé rẹ̀ nílẹ̀ àjèjì. Ẹ rí ọ̀kan tó jọ èyí tí Ìyá mi olóògbé fi ń ránṣọ, ẹ sì ní wọ́n ti gbé irin abẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ sódì. Bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kò bínú. Ó bá yín ṣí i, ẹ tún un ṣe, ẹ̀yin méjèèjì sì ń rẹ́rìn-ín láìgbọ́ èdè ara yín. Ẹ ní kí n bi í pé ta ló ni ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀. Ó mú páálí kékeré kan wá. Orúkọ obìnrin kan ló wà níbẹ̀, tó ń rán aṣọ ìgbéyàwó ní òpópónà tí kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ ka orúkọ náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, ẹ sì fi ìka kàn án.

Láti ọjọ́ yẹn, ẹ kò béèrè ààfin mọ́. A lọ síbi tí wọ́n kó abẹ̀bẹ̀ nìkan sí. A lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣàfihàn àpò àti kẹ̀kẹ́ àwọn tó ń pín lẹ́tà láyé àtijọ́. A lọ síbi ọkọ̀ ojú omi, níbi tí ẹ ti fọwọ́ wọn gígùn àjẹ̀ kan láti òkèèrè, tí ẹ sọ pé ẹni tó gbẹ́ ẹ kì í ṣe ẹni tó ga. Níbi gbogbo, ìbéèrè kan náà ni: "Ta ló ṣe é?"

Ọjọ́ kan wà tí n kò lè gbàgbé. Ní mùsíọ́mù ńlá kan, ẹ rí ìgèrè ìpẹja nínú gíláàsì, irú èyí tí bàbá yín fi ń pẹja lọ́sà. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló ti wá, pé wọn kò mọ ẹni tó hun ún. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Ẹ lọ bá ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó jókòó sídìí tábìlì, ẹ sì ní kí n gbọ́ dáadáa kí n tó túmọ̀: "Sọ fún un pé ẹni tó hun ún lórúkọ. Àwọn ni wọn kò béèrè."

Ojú tì mí. Àwọn èèyàn ń wò wá. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé bàbá mi ní ibẹ̀ wu òun, pé òun dúpẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. A wọ ọkọ̀ ojú irin. Ìgbà náà lẹ sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé ẹni tó gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í rẹ́rìn-ín, pé ohun tí ẹ sọ kọ́ ni mo sọ. Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń bínú sí ara mi sí i.

Ẹ padà sí Ìkòròdú pẹ̀lú ìbéèrè kan: àwa náà ńkọ́? Ẹ kó àga àti bẹ́ẹ̀dì kúrò nínú yàrá tó kọjú sí títì, ẹ sì bẹ̀rẹ̀. Ẹ ń lọ sí Ẹ̀pẹ́, ẹ ń yà sí etí omi lẹ́yìn Ọjà Olúwo, ẹ ń bẹ àwọn àgbà apẹja pé kí wọ́n má sun ohun tó ti gbó. Ẹ kó ìgèrè wá, ẹ kó àwọ̀n wá, àti abẹ́rẹ́ onígi tí wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe. Ẹ wá àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ kàn, ẹ gba káàdì iṣẹ́ wọn, ẹ gba àwọn irin ara ẹ̀rọ àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di ohun tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn nílé wọn. Ẹ gé páálí, ẹ fi bírò kọ orúkọ sára gbogbo rẹ̀. Mo rántí èyí tó wà lára ìgèrè kan: "Sùfíánù ará Ẹ̀pẹ́ ló hun èyí. Ó ṣì lè mú ẹja." Nígbà tí mo wálé fún ìsinmi, ẹ mú mi yí yàrá náà ká bí ẹni pé n kò mọ̀ yín rí, ẹ sì ní kí n béèrè ohun tó bá wù mí. N kò rí inú yín dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé yín dé ọsibítù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Kàmọ́rù, pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní eku ti gba yàrá náà, pé ìpẹtà ń ba ilẹ̀ jẹ́, pé ẹnì kan fẹ́ gbà á gbé. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Mo ní bó bá ṣe tọ́ lójú wọn ni kí wọ́n ṣe é. Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà gbà. Àwọn tó ń fi ọmọlanke ra irin àlòkù wá, wọ́n kó irin lọ. Ìgèrè àti àwọ̀n di ohun tí wọ́n sun lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú gbogbo páálí yẹn.

Ẹ ti ọsibítù dé, ẹ lọ tààrà síbi yàrá yín. Kọ́tìnì àjèjì ló wà lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin kan tí ẹ kò mọ̀ rí sì kí yín káàbọ̀ láti inú. Bọ̀dá Kàmọ́rù ṣàlàyé pé pàǹtí lásán ni. Bọ̀dá fúnra wọn ló sọ fún mi, ohun tí ẹ fi dá wọn lóhùn: "Orúkọ èèyàn ló wà níbẹ̀." Ẹ kò tún sọ̀rọ̀ yàrá mọ́ títí ẹ fi kú. Nígbà tí ẹ pè mí, àlàáfíà àwọn ọmọ mi lẹ béèrè. Mo ń dúró kí ẹ bá mi wí. Ẹ kò bá mi wí.

Mo dé láti Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn tí wọ́n ti sin yín. Kí n tó wọlé, mo kọ́kọ́ lọ sí àgbàlá àwọn onírin àlòkù. Wọ́n ní irin ìgbà yẹn ti lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ ọ tipẹ́. Mo délé, mo sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún ẹ̀gbọ́n mi lójú gbogbo ẹbí. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Ṣebí mo pè ọ́." Òótọ́ ni.

Àwọn àgbà ẹbí ní kí n yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò, pé kò yẹ ìwé ìrántí. Mo gbé e fún Bọ̀dá Kàmọ́rù kí wọ́n kà á. Wọ́n kà á lórí ìdúró, wọ́n wá jókòó, wọ́n tún un kà. Wọ́n dá a padà fún mi, wọ́n ní, "Fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Bàbá mi, n kò ní kí ẹ dárí jì wá. Inú ń bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi, inú ń bí mi sí ara mi jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì fẹ́ kó tètè rọ̀. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánnà kẹ́ yín, kí Ó tẹ́ ibùsùn yín síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lé yín kúrò. Ó di ọjọ́ àjíǹde. Ẹ sùn re o, Bàbá mi, ẹ sùn re.

Ọmọ yín,
Rùkáyátù