Ẹja Tó Yẹ Ká Dá Padà

Òórùn ẹja díndín já wọ yàrá mi lánàá láti ilé aládùúgbò mi níhìn-ín ní Ọ̀yọ́. Dípò kí itọ́ dà lẹ́nu mi, inú ló bí mi. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á.

Ìkòyí-Ilé ni mo gbé dàgbà. Adágún kan wà lẹ́yìn oko bàbá Làmídì, ọ̀rẹ́ mi, ẹja epìyà kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Ìdílé wọn ló ń mójú tó o, adágún náà ló sì ń bọ́ wọn. Ẹnikẹ́ni ló lè ju ìwọ̀ síbẹ̀, àmọ́ òfin kan wà: bí ẹja bá ti gùn ju àtẹ́lẹwọ́ àti ìka lọ, kí a dá a padà sómi. Bàbá Làmídì á ní, "Àwọn yẹn ni bàbá ilé. Kékeré ni kẹ́ ẹ máa jẹ, kí ilé má baà dahoro." Ọwọ́ tirẹ̀ la fi ń wọ̀n ọ́n, Ọlọ́run sì ṣe é, ọwọ́ ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Bí ìwọ̀ wa bá gbé ẹja tó jọjú, òun la máa ń sáré pè. A kì í pe ìyá Làmídì. Ọwọ́ tìyẹn kéré, ebi ni ì bá fi pa wá.

Bàbá kú. Ni àwọn olówó bá ń fi mọ́tò wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ọ̀pá ìwọ̀ tó ń dán. Ẹja ńlá gan-an ni wọ́n ń wá. Wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jù ú sínú kúlà. Làmídì wọ omi dé orúnkún, ó ń bẹ̀ wọ́n: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dá ìyẹn padà." Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọ̀gbẹ́ni, gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Ṣé ìwọ lo bí ẹja ni?" Háà! Lójú wa báyìí! Àwọn ará ìlú wa rí i, wọ́n ní àwọn náà ò ní gọ̀, làwọn náà bá ń kó ńlá.

Kò pẹ́, epìyà ò dàgbà mọ́. Èyí tí kò ju ìka lọ, bí o bá la inú rẹ̀, ẹyin lo máa bá níbẹ̀. Ọmọdé ń bímọ, kò sí àgbà láàárín wọn. Ta ló fẹ́ ra egungun? Ọjà ẹja tí ìyá Làmídì ń tà kú, òun àti Làmídì sì kó ẹrù wọn kúrò nílùú.

Bí ẹ bá débẹ̀ lónìí, omi ṣì wà, ẹja wẹ́wẹ́ ń ta pọ́ún-pọ́ún. Àwọn ará ibẹ̀ á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Bàbá, ṣebí ẹ ní ẹja ti tán?" Ẹja ò tán. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn, torí ẹni tí kò rí ti àtijọ́ á rò pé bó ṣe wà láti ilẹ̀ nìyẹn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ya ọ̀dọ̀ Làmídì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìdí fìríìsà ni mo bá a, òkú-èkó, ẹja inú yìnyín tí wọ́n ń kó wá láti òkè òkun, ló ń tà. A kí ara wa, a rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo ra ẹja, ó fi ọ̀kan ṣe ènì fún mi. Mo gbé e yẹ̀ wò, mo ní, "Làmídì, omi ibo ni wọ́n ti pa eléyìí?"

Ó ń so náílọ́ọ̀nù lọ́wọ́, kò wojú mi. Ó ní, "Mi ò mọ̀."