Eyín Tí Mo Yọ Nítorí Ojú Ìyá Mi

"Ojo ni ọ́, kò sí ohun mìíràn."

Ìyá mi ló sọ bẹ́ẹ̀ fún mi, ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ìkọ̀yà, lójú àwọn adìyẹ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, èmi gan-an ni mo lọ síbẹ̀ láti pè é ní ojo.

Ó ti tó ọdún méjì tí awọ funfun ti ń bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ ló kù tó fi ń ríran. Ó ń fi ọwọ́ táràrà bẹ ẹ̀gẹ́, ó ń fi ọwọ́ mọ pupuru róbótó-róbótó kí wọ́n tó kó o sórí àjà iná, bó bá sì fọwọ́ kan orí mi báyìí, á ní, "Irun yìí ti ń kó ẹrù rẹ̀ lọ o, olùkọ́." Àwọn dókítà ojú ti yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, pé yóò tún ríran, ṣùgbọ́n bó bá fi falẹ̀ jù, ojú ọ̀tún lè má ṣeé tún ṣe mọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fún un lọ́jọ́. Lẹ́ẹ̀mejèèjì ni inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Mo wá ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Màmá, ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ mẹ́fà láìpariwo, ṣé abẹ tí kò tó èékánná ló ń lé yín káàkiri?"

Ó na ọwọ́, ó sì bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pàdé.

"Kí lèyí?"

"Eyín ni."

"Eyín tó wú lọ́dún tó kọjá?"

"Òun náà ni."

"Kí ni dókítà wí sí i?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn adìyẹ.

"Mo ní kí ni dókítà wí?"

"Ó ní kí n wá yọ ọ́."

Ibẹ̀ ló ti rẹ́rìn-ín títí ọ̀bẹ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti pè mí ní ojo. Nígbà tí ẹ̀rín parí, ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àwọn dókítà ojú tún máa wá sí Òkìtìpupa, àbí? Lọ yọ eyín rẹ. Bí ẹnu rẹ bá san kí wọ́n tó dé, èmi náà á lọ. Bí kò bá san, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ abẹ dà mí láàmú mọ́ títí n ó fi kú."

Bí eyín mi ṣe di ojú ìyá mi nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ eyín náà díẹ̀. Èyí tó máa ń hù kẹ́yìn ni, lọ́wọ́ ìsàlẹ̀, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní eyín ọgbọ́n. Tèmi dùbúlẹ̀ sínú èrìgì, ó tari ẹni tó wà níwájú rẹ̀ bí èrò tó ń jà sí ìjókòó nínú ọkọ̀ Ìgbọtákò. Ó tó ọdún kan tí mo fi ń fi ògógóró tí mo rẹ egbò igi sí ṣan ẹnu láàárọ̀, débi pé bí mo bá wọ kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìjókòó iwájú á kọ́kọ́ wo ara wọn kí wọ́n tó kí mi. Mo mọ ara mi. Mo mọ̀ pé n ó sá. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún gbogbo ayé pé ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni mo ń lọ yọ eyín: mo sọ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo sọ fún onílé, mo sọ ọ́ níbi ìpàdé àdúgbò lábẹ́ "ọ̀rọ̀ mìíràn". Ìyàwó mi gbo ògì, ó ra ẹyin, ó sì gbé ìgò ògógóró lọ síbi tí n kò tíì rí i títí di òní. Nígbà tó fi máa di Túsìdeè, kò sí ọ̀nà tí mo lè gbà sá tí ẹnìkan kò ní bi mí pé, "Olùkọ́, eyín ńkọ́?"

Ọlọ́kadà tó gbé mi lọ pàápàá bi mí ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn bóyá kí òun má pa ẹ́ńjìnnì.

Obìnrin kékeré kan ni dókítà eyín náà, ọmọ Ìgbọtákò, ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ti àwọn tí mo kọ́ ní ìwé lọ. Ó gún mi ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ara mọ nǹkan, ètè mi sì wúwo bí ètè ẹlòmíràn. Ó la èrìgì, ó sì ń fọ́ eyín náà sí wẹ́wẹ́. Kò dùn mí, ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ ọ. Bí ẹni pé wọ́n ń pa ẹkùrọ́ nínú orí mi. Mo di nǹkan kan mú gírígírí, mo ń ro ẹyinjú ìyá mi.

"Sà," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Òun ni mo fi ń ṣiṣẹ́."

Nígbà tó parí, ó kìlọ̀ fún mi bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dì sínú ihò náà, ó ní ọmọrí ìkòkò ni, kí n má ṣí i. N kò gbọdọ̀ tutọ́ pẹ̀lú agbára, n kò gbọdọ̀ mu ọtí, n kò gbọdọ̀ jẹ ohun gbígbóná, ata, tàbí ohunkóhun tó le tí n ó fi eyín rún. Láti ọjọ́ kejì, kí n máa fi omi oníyọ̀ sẹ́nu jẹ́jẹ́, kí n sì jẹ́ kó ṣàn jáde fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni mo fi mu ògì tútù bí ọmọ ìkókó. Ní ọjọ́ kẹta, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìkọ̀yà láti lọ fọ́nnu. Ìyá mi fọwọ́ wá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó rí i pé wíwú rẹ̀ ti ń rọlẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó dìde, ó ro pupuru, ó bu ọbẹ̀ ewé marúgbó dúdú tó ń yọ èéfín sí i. Ojú mi kò kúrò lára oúnjẹ náà.

Mo ní, "Màmá, wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ irú èyí."

"Wọ́n dárúkọ pupuru?"

"Rárá. Wọ́n ní ohun tó le tí n ó fi eyín rún."

"Ta ló ń fi eyín rún pupuru?"

Mo rò ó. Ọ̀rọ̀ tó bójú mu ni. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, n kò rí ọmọ Ìkálẹ̀ tó jẹ pupuru ní àjẹrún. Gbígbé ni à ń gbé e mì.

"Ó gbóná, Màmá."

"Bó bá ti kọjá ọ̀fun, kí ló kan eyín?"

Ẹjọ́ parí. Mo gbé òkèlè mẹ́sàn-án mì. Ewé marúgbó kan wá há sínú ihò, mo fi omi ṣan ẹnu kíkan-kíkan, mo sì tu ú dànù bí ẹni tó ń lé ewúrẹ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ìrora bẹ́ láti àgbọ̀n dé etí. Èyí tó mú mi kí wọ́n tó yọ eyín náà kò tó ìdajì rẹ̀. Mo jókòó sórí ibùsùn, mo di orí mú, ohun tí mo sì ń rò kì í ṣe eyín. Ó kù bí ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìyá mi bá gbọ́ pé abẹ dókítà ló sọ mí di báyìí, ojú ti lọ nìyẹn.

Ìyàwó mi ní, "Ẹ má jẹ́ kí Màmá gbọ́." Mo kọ́kọ́ gbà. Mo padà sọ́dọ̀ dókítà ní àárọ̀ yẹn, èmi nìkan.

Ó wo inú ẹnu mi, ó ní, "Ọmọrí ti ṣí, sà. Egungun ti wà ní gbangba. Kí lẹ jẹ?"

"Kì í ṣe nǹkan tó le o. Pupuru lásán ni."

"Sà, ọmọ Ìgbọtákò ni mí. Gbígbóná ni, àbí tútù?"

Mo wo òrùlé. Ó fọ ihò náà, ó ki òwú olóògùn tó ń ta sánsán bíi kànáfùrù bọ̀ ọ́. Kó tó di ọ̀sán, ìrora náà ti rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ fún un láti pààrọ̀ òwú náà.

Lẹ́yìn èyí kejì ni ìyá mi pè mí lórí fóònù. "Ohùn rẹ yí," ó ní. "Kí lò ń fi pamọ́ fún mi?"

Ẹni tí kò ríran, ta ló lè fi nǹkan pamọ́ fún un? Mo lọ sí Ìkọ̀yà, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ látòkè délẹ̀. Ó gbọ́ tán.

"Nítorí náà, kì í ṣe abẹ ló ṣe ọ́."

"Rárá, Màmá."

"Pupuru mi ni."

"Pupuru yín ni. Àti ọ̀fun mi."

"Èmi àti ìwọ la jọ bá dókítà jiyàn nígbà tí kò sí níbẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "O sì padà lọ bá a? Ta ló fà ọ́ lọ?"

"Kò sẹ́ni tó fà mí. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn."

Ó fọwọ́ nu ojú rẹ̀ méjèèjì. "Ọjọ́ wo gan-an ni wọ́n ń bọ̀?"

Lọ́jọ́ tí a lọ, inú run ún lóòótọ́. Ó ní kó máa run, pé inú kọ́ ni wọ́n fẹ́ ṣe. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkìlọ̀, ó dá a dúró: "Ọmọ mi, dárúkọ nǹkan kọ̀ọ̀kan. Àwa níbí, a máa ń wá àyè sí ọ̀rọ̀." Wọ́n ní kó má fi ọwọ́ ra ojú, kó má jẹ́ kí omi kàn án, kó má tẹrí ba. Láti ọjọ́ náà, kò tẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo ìjọ tẹrí ba fún àdúrà, òun nìkan ló nà ró bí òpó, ó ní Ẹni tó dá ojú gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì wí.

Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún kí n tó ráyè padà lọ sí Ìkọ̀yà. Ó jókòó sí iwájú ilé nínú oòrùn àárọ̀. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, kò mẹ́nu kan irun mi, mo sì dúpẹ́ fún un nínú ọkàn mi.

"Wá síbí. Ya ẹnu."

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yanu. Ó di àgbọ̀n mi mú, ó yí i síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ̀, ó sì wo ihò náà pẹ́, bí ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ oníṣẹ́ wò.

"Ó ti ń kún," ó ní. "Pa á dé kíá, eṣinṣin kan ń bọ̀."