Ohùn Dorothée Nínú Àpò Michel

Michel kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó kàn jẹ́ ọkùnrin tí kò lè ṣe ohunkóhun láìpariwo. Ó wa ọkọ̀ èrò láti Atakpamé sí Anié títí ojú rẹ̀ kò fi ríran dáadáa mọ́. Nígbà tí ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀, ariwo ibùdókọ̀ bá a wálé, ọkọ̀ náà, tó ti kú, sì jókòó sí àgbàlá rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, ìyá Gaël ọmọ rẹ̀, ti kú. Dorothée, aládùúgbò rẹ̀, opó ni òun náà. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Michel ti bi í bóyá yóò fẹ́ òun, wọ́n sì mọ èsì tí ó gbà: “Ẹ jẹ́ kí n ti Lomé dé ná.”

Lomé ni Sabrina, ọmọ Dorothée, bímọ sí. Kí Dorothée tó lọ, ó fa àwọn adìyẹ rẹ̀ lé Michel lọ́wọ́. Ìdánwò ni. Michel nìkan ni kò mọ̀. Ó rò pé wọ́n ti gba òun wọlé tán.

“Ẹ da àgbàdo fún wọn láàárọ̀,” ni Dorothée wí, “kí ẹ sì pè wọ́n wọ ilé wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹtà ń rìn lórí òkè yìí.”

Ní ìrọ̀lẹ́ àkọ́kọ́, Michel dúró lẹ́nu ilé adìyẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹ̀gbẹ́ ẹnu.

“Anié! Anié! Ó ku ẹnì kan! Ẹ wọlé ká lọ!”

Àwọn adìyẹ fò gun igi gúáfà. Isidore tí ń lẹ táyà ní òdìkejì ọ̀nà rẹ́rìn-ín títí irinṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Pàpá Gaël, wọn ò ní owó ọkọ̀!”

“Dákẹ́ jàre. Ṣé ìwọ san tìrẹ rí?”

Ó pe Dorothée lórí fóònù. Ìyẹn ní kí ó gbé fóònù sókè, ó sì ké láti Lomé: “Kúrú-kúrú-kúrú! Ẹ máa bọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi!” Àwọn adìyẹ já bọ́ lórí igi, wọ́n sáré tọ fóònù lọ bí ẹni pé àgbàdo wà nínú rẹ̀.

Ọlọ́gbọ́n ì bá kọ́ igbe náà. Kò le. Michel gba ohùn Dorothée sílẹ̀ sínú fóònù ní tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí àga tirẹ̀, ní àgbàlá tirẹ̀, ni ó ti ń jẹ́ kí Dorothée ké jáde láti inú àpò rẹ̀, àgbàdo sì ń bọ́ sí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Nígbà tí òjò dé, ó kó wọn sínú ọkọ̀ tó ti kú náà, ó ti fèrèsé pa. Láti ìgbà náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn.

“Ọkọ̀ ti kún!” ni ó ń kígbe ní alaalẹ́. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Dorothée dé. Ní ìrọ̀lẹ́, ó dúró sẹ́nu ilé adìyẹ rẹ̀, ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ ké. Àwọn adìyẹ gbórí sókè, wọ́n gbọ́ ọ dáadáa, wọ́n sì sáré wọ ọkọ̀ Michel. Àkùkọ jókòó sí àyè awakọ̀.

“Ìyá Sabrina,” ni Isidore wí, “wọ́n ti wọkọ̀ o! Ohùn yín inú fóònù Pàpá Gaël ló ń pè wọ́n síbẹ̀.”

“Ẹtà kò pa ọ̀kankan,” ni Michel wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ tí ó rẹ ohùn sílẹ̀.

“Mo ní kí ẹ bá mi tọ́jú adìyẹ. Ẹ wá kó ilé mi lọ.”

Dorothée wọlé. Gbogbo wa gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ó jáde pẹ̀lú okùn. Níhìn-ín, adìyẹ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà lọ́jà ni à ń so lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀ títí yóò fi mọ ilé. A kò rí ẹni tí ó so adìyẹ tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ láti inú ẹyin rí. Dorothée so wọ́n. Michel ń dì wọ́n mú fún un lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Fóònù dà? Ẹ pa ohùn mi rẹ́ níbẹ̀.”

“Ìyá Sabrina, ẹ jọ̀ọ́. Bí adìyẹ bá ti sùn, mo tún máa ń gbọ́ ọ.”

Isidore gbàgbé táyà tí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Dorothée gbé ojú kúrò lára okùn, ó wo Michel.

“Ẹ pa á rẹ́. Ẹni tí yóò bá gbọ́ ohùn mi, kí ó wá gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin ni ẹ ó máa wá bọ́ wọn láràárọ̀ títí wọn yóò fi mọ ilé.”

Michel pa á rẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé igbá àgbàdo dé, ó sì kan ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́. Dorothée ké láti inú ilé pé kí ó kàn án dáadáa, òun kò gbọ́.